Ìtàn tí Bràsíl Fi Ń Yangàn, àti Bí Iyì Rẹ̀ Ṣe Wọ́lẹ̀

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn tí ó fi ń yangàn láwùjọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ti Bràsíl ni pé àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn Potogí tí wọ́n wá gba ilẹ̀, àti àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wá, ti dà pọ̀ di ènìyàn kan náà, débi pé àwọ̀ ara kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún tó kọjá, ìtàn yìí ni aṣojú ìjọba ń sọ fún àlejò. Lónìí iyì rẹ̀ ti wọ́lẹ̀. Àwọn kan gbà pé ìdàpọ̀ ẹ̀yà fúnra rẹ̀ ló forí ṣánpọ́n. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ohun tó forí ṣánpọ́n ni àdéhùn ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n so mọ́ ìdàpọ̀ náà, àdéhùn tó ní kí ẹni tí ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn má ṣe sọ pé ó wúwo, kí wọ́n tó lè kà á mọ́ ọmọ ilé.

Ìtàn náà ní ìdí tí ó fi dùn mọ́ni nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Nǹkan bí mílíọ̀nù 4.9 ọmọ Áfíríkà ni ọkọ̀ ẹrú kó gúnlẹ̀ sí Bràsíl, kò sì sí ibòmíràn ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó gba iye bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òfin 13 May 1888 dá ẹrú sílẹ̀, wọn kò fún wọn nílẹ̀, wọn kò fún wọn lówó. Owó ìjọba ni wọ́n fi ń kó àwọn ará Yúróòpù wọ̀lú láti wá ṣiṣẹ́ oko, àwọn ọ̀tọ̀kùlú sì ń retí pé bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìlú yóò máa funfun sí i. Òfin ìwà ọ̀daràn ọdún 1890 sọ eré ìjà kapoéra, tí àwọn adúláwọ̀ ń ṣe, di ẹ̀ṣẹ̀, ọlọ́pàá sì ń ya wọ ilé òrìṣà.

Inú ipò yìí ni onímọ̀ àwùjọ Gilberto Freyre ti tẹ ìwé rẹ̀, Casa-Grande & Senzala jáde ní 1933. Ó ní ìdàpọ̀ kì í ṣe ìtìjú, ó ní ọwọ́ Áfíríkà wà nínú oúnjẹ, ọ̀rọ̀ àti àdúrà gbogbo ọmọ Bràsíl. Fún àwọn tí wọ́n ti ń gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ àdàlù ni àrùn tó ń bá ìlú jà, ìtùnú ni ìwé náà. Getúlio Vargas, tí ó gbàjọba ní 1930, sì ń wá okùn tí yóò fi so àwọn ìpínlẹ̀ pọ̀. Ìjọba rẹ̀ gbé orin sáńbà láti orí àwọn òkè Rio de Janeiro wá sórí rédíò. Kapoéra bọ́ lọ́wọ́ òfin, ilé ẹ̀kọ́ Mestre Bimba ní Salvador sì gbàwé àṣẹ ní 1937.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé àṣà lárugẹ, ọ̀tọ̀ ni ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó ni ín. Títí di 1976, dandan ni kí ilé kandombilé, ẹ̀sìn òrìṣà ní Bràsíl, ní Bahia forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè lu ìlù fún òrìṣà. Ọdún 1950 tún fi ìṣòro náà hàn lọ́nà méjì. Nígbà tí Uruguay na Bràsíl nínú ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ní pápá Maracanã, Barbosa, adúláwọ̀ tí ń ṣọ́lé, ni wọ́n di ẹ̀bi rù, kò sì sọ ẹrù náà kalẹ̀ títí ó fi kú ní 2000. Lọ́dún kan náà, ilé ìtura kan ní São Paulo kọ̀ láti gba oníjó Katherine Dunham nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ariwo náà pọ̀ débi pé ilé aṣòfin ṣe òfin lòdì sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní 1951. Òfin ti wà fún àìsàn tí wọ́n ní kò sí.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni UNESCO rán àwọn onímọ̀ lọ wo bí Bràsíl ṣe rí ìṣọ̀kan, kí àgbáyé lè kọ́ ọ. Iṣẹ́ Florestan Fernandes àti Roger Bastide ní São Paulo fi hàn pé ìyàsọ́tọ̀ wà níbẹ̀ gbangba. Ìjọba ológun tó dé ní 1964 kò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀. Wọ́n lé Fernandes kúrò ní yunifásítì ní 1969, wọ́n sì yọ ìbéèrè nípa àwọ̀ kúrò nínú ìkànìyàn ọdún 1970. Ohun tí a kò bá kà, ta ni yóò fi jiyàn?

Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí ohùn tí wọ́n pa mọ́ náà ti jáde. Abdias do Nascimento, tí ó dá ẹgbẹ́ eré àwọn adúláwọ̀ sílẹ̀ ní Rio ní 1944, ti kúrò nílùú láti 1968. Ó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àlejò nígbà tí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀, kó jọ sí Èkó ní 1977. Wọn kò gba ìwé tó kọ nípa ìtàn ìṣọ̀kan náà wọlé sí àpérò àjọ̀dún náà, nígbà tí àwọn aṣojú ìjọba Bràsíl jókòó síbẹ̀. Abdias sọ ọ́ di ìwé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn lọ́dún náà.

Láti ìgbà náà ni òwò ìdákẹ́jẹ́ kò ti tà mọ́. Ní July 1978, àwọn adúláwọ̀ kóra jọ sórí àtẹ̀gùn Theatro Municipal ní São Paulo láti fi ẹ̀hónú hàn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, onímọ̀ àwùjọ Carlos Hasenbalg fi hàn nínú ìwé rẹ̀ pé kì í ṣe ogún oko ẹrú nìkan ló ń fa àlàfo àárín funfun àti dúdú, ìyàsọ́tọ̀ tó ń lọ lọ́wọ́ ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ìbéèrè àwọ̀ padà sínú ìkànìyàn ní 1980. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1988 sọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà di ọ̀ràn tí kò ní béèlì. Òfin 2012 ya àyè sọ́tọ̀ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba, adúláwọ̀ àti onílẹ̀ àkọ́kọ́ sì ní ìpín tiwọn níbẹ̀. Láti 2024, ọjọ́ 20 November, ọjọ́ tí wọ́n pa Zumbi, olórí àwọn ẹrú tó sá lọ dó sí Palmares, ní 1695, ti di ọlidé káàkiri orílẹ̀-èdè.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwọn onímọ̀ kan tí kì í ṣe ọ̀tá adúláwọ̀ kìlọ̀ pé bí òfin bá ń pín ènìyàn sí dúdú àti funfun, yóò gba ohun kan lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n wà láàárín. Ìkìlọ̀ wọn kò ṣófo. Ìgbìmọ̀ tí ń wo ojú àti irun akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó gbà pé ó yẹ fún ìpín náà ti ń dá awuyewuye sílẹ̀. Òótọ́ sì ni pé ìtàn Freyre fún àwọn òtòṣì ní ìlérí kan tí wọ́n lè fi di ìjọba lọ́rùn mú.

Síbẹ̀, ẹ wo ìkànìyàn 2022. Àwọn tó pe ara wọn ní aláwọ̀ àdàlù jẹ́ ìdá 45.3 nínú ọgọ́rùn-ún, aláwọ̀ funfun 43.5, adúláwọ̀ 10.2. Ní 2000, ìdá 53.7 ló ní funfun làwọn, ìdá 6.2 péré ló ní dúdú làwọn. Ìgbà tí iyì ìtàn ìdàpọ̀ wọ́lẹ̀ gan-an ni aláwọ̀ àdàlù pọ̀ ju ẹgbẹ́ yòókù kọ̀ọ̀kan lọ. Òbí wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, ìbí nìkan kò sì lè ṣàlàyé ìyípadà náà. Ọ̀pọ̀ tí ì bá sá pamọ́ sábẹ́ funfun ni kò rí ìdí láti sá mọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣọ̀fọ̀ ìtàn àtijọ́ náà ní láti mọ ohun tí òun ń ṣọ̀fọ̀ gan-an. Sáńbà kò kú, kapoéra kò kú, ilé kandombilé ṣì ń lu ìlù, nítorí ìtàn náà kọ́ ló dá wọn sílẹ̀. Ó yá wọn lò ni. Ìtàn tuntun tó ń dìde yóò rí àdánwò kan náà: ṣé aláwọ̀ àdàlù tí ìgbìmọ̀ ní kò dúdú tó, àti adúláwọ̀ tí ọlọ́pàá dá dúró lójú pópó, lè sọ ohun tó ń dùn wọ́n láìjẹ́ pé a sọ fún wọn pé wọn kì í ṣe ọmọ Bràsíl tòótọ́? Bí wọn kò bá lè sọ ọ́, iyì tirẹ̀ náà yóò wọ́lẹ̀.