Kọfí Tí A Kò Gbé Ka Iná

Ní Modákẹ́kẹ́, tí a bá dárúkọ igi olówó, kòkó ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Lójú ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun inú ọ̀rá ni kọfí, tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń po mọ́ omi gbígbóná láti fi lé oorun lọ. Bẹ́ẹ̀, kòkó fúnra rẹ̀ kì í ṣe igi àbáláyé.

Ní nǹkan bí 1880, Kápútẹ́nì J. P. L. Davies gbin kòkó sí ìhà Agége. Nígbà tó yá, J. K. Coker náà dá oko ńlá síbẹ̀: kòkó, obì àti kọfí ló wà níbẹ̀. Láàárín 1890 sí 1900, owó kọfí já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé, nítorí pé Bràsíìlì ń kó o jáde ní àkójù. Àgbẹ̀ kì í bá igi mulẹ̀. Ibi tí owó bá gbà ni ó ń tọ̀. Nígbà tí àwọn alágbàṣe láti òkè ń padà kúrò ní Agége, hóró kòkó ni wọ́n dì lọ sílé.

Wọ́n tú ìlú wa ká ní 1909. Lẹ́yìn 1920 tí àwọn ènìyàn padà, kòkó ni wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ àwọn onílẹ̀ Ifẹ̀, kòkó náà ni wọ́n fi ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ yìí wà lára ohun tó fa ìjà 1981 àti ti 1997 sí 2000. Mo ti bi ara mi léèrè bóyá à bá jà ká ní kọfí ló borí. Mo gbà pé à bá jà. Ilẹ̀ ni wọ́n ń du, kì í ṣe èso.

Kọfí kò sì parun. Wọ́n ṣì ń gbìn ín ní agbègbè Kábà, ilé ìwádìí kòkó, CRIN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964, sì ń ṣèwádìí lórí rẹ̀. Robusta ló pọ̀ jù nínú kọfí Nàìjíríà, ó sì korò.

Ohun tí mo rí ni pé ọgbọ́n tó ń dín ìkorò yẹn kù ti wà nílé wa tipẹ́. Kì í ṣe gbogbo àgbo ni màmá àgbà ń sè. Òmíràn, omidùn ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí, tí wọ́n á dé e mọ́jú. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọfí. Mo gún hóró tí wọ́n ti yan nínú odó kékeré, kò kúnná tó èlùbọ́, torí èyí tó bá kúnná á di ẹrẹ̀. Ife kan kọfí, ife mẹ́rin omi tútù. Mo dé e fún wákàtí méjìlá, mo sì fi aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ. Omi gbígbóná máa ń fa ìkorò jáde kíákíá. Omi tútù ń rọra ṣe é, ó sì ń fi púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ sínú èérí. Ó ki, nítorí náà a ń fi omi là á kí a tó mu ún.

Agbára rẹ̀ kò dín kù o. Màmá àgbà mu ife kan ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ń sọ ìtàn fún wa títí di aago méjì òru.