Gbàgede Ọba Ovonramwen ní Ìlú Bìní

Arìnrìn-àjò tí ó bá gba Ekiadolor wọ ìlú Bìní kò ní ṣàìdé gbàgede ńlá tí ó wà ní àárín ìlú. Orúkọ Ọba Ovonramwen ni a fi pè é, ọba tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rọ̀ lóyè ní ọdún 1897, tí wọ́n sì mú lọ sí Kàlàbá, níbi tí ó wàjà sí ní ọdún 1914.

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí ní ọdún 1973 ni ó wà láàárín gbàgede náà. Iṣẹ́ idẹ àti ti eyín erin wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú irú wọn ni àwọn ọmọ ogun kó lọ ní ọdún 1897. Ní ọdún 2022 ni ìjọba Jámánì dá díẹ̀ padà.

Ère Emotan wà nítòsí, ó kọjú sí ọjà Ọba. Ọba Akenzua Kejì ni ó ṣí i ní ọdún 1954. Ìtàn sọ pé obìnrin ọlọ́jà yìí ni ó ran Ọba Ewuare lọ́wọ́ láti gba ìtẹ́ rẹ̀ padà.

Ohun tí a gbà padà àti ohun tí a pàdánù ni gbàgede yìí ń rán wa létí. Kí olùwòran má ṣe gbàgbé èyí tí kò tíì darí wálé.