Gílóòbù Olómi àti Àpáta Ìyá Mi

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọ̀kan nínú yín bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Prof, ṣé lóòótọ́ ni pé èèyàn lè fi omi kó oòrùn jọ, kó sì fi se oúnjẹ?" Mo rẹ́rìn-ín, torí kí n tó gbọ́ orúkọ físíìsì rárá ni mo ti fi omi kó oòrùn jọ. Wàhálà ló kó mi sí.

Ọ̀yọ́ la wà nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Àwa ọmọdé ń ṣe sinimá tiwa. A ó wá gílóòbù tó ti jó, a ó rọra yọ ìdí rẹ̀, a ó kó wáyà inú rẹ̀ dànù, a ó wá rọ omi tó mọ́ kún un. Ẹnì kan á fi dígí darí oòrùn gba ojú fèrèsé wọ yàrá tó ṣókùnkùn, a ó gbé fíìmù já síwájú gílóòbù, àwòrán á sì yọ gàdàgbà lára ògiri. Lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé gílóòbù sáàárín ata tí ìyá mi sá sórí ẹní. Kí n tó padà dé, ẹní ti ń rú èéfín. Ẹgba ọjọ́ yẹn ni ẹ̀kọ́ físíìsì àkọ́kọ́ tí mo gbà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Bí ìtànṣán oòrùn bá wọ inú omi, ó máa ń tẹ̀. Bí omi náà bá wà nínú ohun tó rí roboto, àwọn ìtànṣán tó gba inú rẹ̀ kọjá á lọ pàdé lójú kan. Ti gílóòbù kò jìnnà rárá: nǹkan bí ìdajì ìbú gílóòbù náà ni, lẹ́yìn rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọ̀rúndún kìíní, Pliny ará Róòmù kọ ọ́ pé bọ́ọ̀lù dígí tí a rọ omi sí, tí a kọjú sí oòrùn, lè jó aṣọ. Ní nǹkan bí ọdún 984, Ibn Sahl kọ̀wé ní Baghdad lórí àwọn dígí tó ń fi oòrùn dáná. Ní 1774, wọ́n ṣe lẹ́ńsì ńlá kan ní Paris, dígí méjì tó tẹ̀ ni wọ́n pa pọ̀. Ọtí líle ni wọ́n rọ sáàárín wọn dípò omi, torí ọtí máa ń tẹ ìtànṣán ju omi lọ díẹ̀. Lavoisier wà lára àwọn tó lò ó.

Ṣé ẹ kíyè sí nǹkan kan? Nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, jíjó ni ọ̀rọ̀ dá lé. A ò gbọ́ ti ìkòkò ọbẹ̀.

Àwọn tó fi oòrùn se oúnjẹ gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1767, de Saussure ní Switzerland kan àpótí, ó fi dígí bo ojú rẹ̀ ní ìpele-ìpele, ooru inú rẹ̀ sì kọjá ibi tí omi ti ń hó. Láàárín 1834 sí 1838, John Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀ tó wá gbé ní Cape, ní gúúsù Áfíríkà níbí, lo irú àpótí bẹ́ẹ̀, ó sì se ẹyin àti ẹran jinná nínú rẹ̀. Nítòsí wa, Abdou Moumouni, onímọ̀ físíìsì ọmọ Niger, darí ilé-iṣẹ́ agbára oòrùn ONERSOL ní Niamey, níbi tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn gbóná omi. Àwọn wọ̀nyí kò kó oòrùn jọ sójú kan. Wọ́n jẹ́ kó wọlé, wọn ò sì jẹ́ kí ooru rẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò tiwa. Ká ní a ta ọ̀rá tó mọ́ gaara sójú férémù roboto tó fẹ̀ tó mítà 1, a rọ omi sí i títí àárín rẹ̀ fi tẹ̀ wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10. Omi yẹn á tó lítà 40, ìyẹn kílò 40 lókè orí ẹni tó ń dáná. Ibi tí ìtànṣán máa ti pàdé á jìn tó mítà 4 nísàlẹ̀. A ò sì lè dà á kọ ojú sí oòrùn, torí ojú omi gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Oòrùn tó bá wà lókè orí gan-an ló mọ̀ ọ́n lò.

Níbí ni àyè ti gbà wá ju Paris lọ. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, oòrùn ọ̀sán máa ń dúró gan-an lórí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Paris kì í rí irú rẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ìkùukùu á ti bolẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ńkọ́? Eruku á fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, lẹ́ńsì ò sì lè kó ìmọ́lẹ̀ tó ti fọ́nká jọ. Àpótí ṣì lè rí díẹ̀ lò nínú rẹ̀. Wọ́n ní omi ò lọ́tàá, àmọ́ lẹ́ńsì omi ní.

Ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kò ka ìwé Herschel. Bí a bá lọ sílé wọn lásìkò ìsinmi, orí àpáta ló máa ń sá láfún sí. Mo ní, "Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sá a sórí ẹní?" Wọ́n ní, "Àpáta máa ń pa oòrùn mọ́. Fọwọ́ kàn án lálẹ́, wàá rí i." Mo fọwọ́ kàn án. Ó ṣì gbóná.

Síbẹ̀, igi ni wọ́n fi dáná jálẹ̀ ayé wọn, ikọ́ èéfín sì bá wọn dé ọjọ́ ogbó. Ìdí tí ìbéèrè yìí kì í fi í ṣe eré lójú mi nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán lẹ́ńsì omi wò, ẹ dán an wò, àmọ́ ẹ má ṣe wo ojú ibi tí ìtànṣán ti ń pàdé, ó lè fọ́ ojú yín. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ẹ rántí ẹní ìyá mi. Tó bá jẹ́ ọbẹ̀ lẹ fẹ́ jẹ, ẹ kan àpótí, ẹ kun inú rẹ̀ ní dúdú, ẹ fi dígí bo ojú rẹ̀. Ọgbọ́n àpáta yẹn náà ni.