Dùùrù Ẹnu láti Trossingen dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́: Àgbéyẹ̀wò Ipò Rẹ̀ nínú Orin Blúùsì àti Orin Wéré

Ìfáárà

Nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn orin fújì, àwọn ohun èlò tí ó máa ń dárúkọ ni sákárà, dùndún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti àkúbà. Ohun èlò kan wà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè wọ àpò ṣòkòtò, òun sì ni ó bọ́ sọnù nínú ìtàn náà. Dùùrù ẹnu ni, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní harmonica, tí àwọn ọmọ ìgboro sì ń pè ní máòtọ́gàànì. Àwọn òṣèré wéré lò ó kí fújì tó gba orúkọ. Ohun èlò yìí kan náà ni àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ di ohùn kejì akọrin nínú orin blúùsì. Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ni ìdí tí ohun èlò kan náà fi di ọ̀gá lọ́hùn-ún, tí ó sì jẹ́ ìránṣẹ́ níhìn-ín. Ìdáhùn tí ó sábà máa ń yá àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé ohun àjèjì kò bá orin Yorùbá lára mu. Ìdáhùn yẹn kò tó. Gòjé tí ó wà nínú orin sákárà pàápàá, ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni ó ti wá, kò sì sí ẹni tí ó ń pè é ní àjèjì mọ́.

Bí a ṣe ṣe ohun èlò náà

Àwọn ará Ṣáínà ti ń fọn sheng fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Fèrè oníhò púpọ̀ ni, tí ahọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ń gbọ̀n bí atẹ́gùn bá gba ibẹ̀ kọjá. Ọgbọ́n yìí ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Jámánì àti Austria gbé yẹ̀ wò ní àwọn ọdún 1820, tí wọ́n fi ṣe dùùrù tí a ń fi ẹnu fọn. Ní ọdún 1857, Matthias Hohner, tí ó jẹ́ oníṣẹ́ agogo tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ìlú Trossingen. Àádọ́talélẹ́gbẹ̀ta (650) péré ni ó ṣe ní ọdún àkọ́kọ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1896, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Marine Band jáde, ọjà náà ti kárí ayé, ó sì pọ́ọ́kú débi pé ọmọ tálákà lè rà á.

Ihò mẹ́wàá ni ó ní, pẹ̀lú ahọ́n idẹ ogún. Mẹ́wàá ń dún bí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, mẹ́wàá yòókù ń dún bí a bá fà á. Olùkọ́ tí ó mọ sol-fa yóò tètè rí ètò rẹ̀. Bí a bá ń fẹ́ ẹ láti ihò kìn-ín-ní lọ, d, m, s ni yóò máa dún léraléra títí dé òkè. Bí a bá ń fà á, ihò mẹ́rin àkọ́kọ́ yóò dún r, s, t, r. Ihò kẹrin sí ìkeje nìkan ni a ti lè rí gbogbo ohùn méjèèje pé. Ní ìsàlẹ̀, f àti l kò sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìlàjì ohùn kankan. Orin ìbílẹ̀ àwọn ará Jámánì ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n to ohùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé orin wọn máa ń dá lé ìṣọ̀kan d, m, s. Ohun èlò tí a ti pààlà fún ni.

Bí ó ṣe di ohùn blúùsì

Àwọn aláwọ̀ dúdú ìhà gúúsù Amẹ́ríkà kò gba ààlà náà. Ohun méjì ni wọ́n ṣe sí i. Èkínní, wọ́n sọ s di ilé orin dípò d, tí ó fi jẹ́ pé fífà ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe fífẹ́. Èkejì, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń tẹ ohùn. Bí afọndùùrù bá yí ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ padà bí ó ti ń fa atẹ́gùn, ahọ́n idẹ méjèèjì tí ó wà nínú ihò kan náà yóò jọ gbọ̀n pọ̀, ohùn yóò sì rọra sọ̀kalẹ̀. Ihò kẹta ni ó fi èyí hàn jù lọ. Bí a bá fẹ́ ẹ, yóò dún s. Bí a bá fà á, yóò dún t. Ìlàjì ohùn mẹ́ta ni ó wà láàárín méjèèjì, gbogbo wọn ni afọndùùrù tí ó mọ iṣẹ́ lè mú jáde, pẹ̀lú àwọn ohùn wẹ́wẹ́ tí kò sí lórí dùùrù olójú funfun àti dúdú. Ibẹ̀ gan-an ni ohùn ẹkún inú blúùsì wà. Hohner kò fi í sínú rẹ̀.

DeFord Bailey ni ó kọ́kọ́ gbé ohùn yìí dé etí gbogbo ará Amẹ́ríkà láti orí rédíò ní Nashville. Ní ọdún 1927 ni ó gba Pan American Blues sínú àwo, níbi tí ó ti fi dùùrù ẹnu sín ìró ọkọ̀ ojú irin jẹ. Wọ́n lé e kúrò lórí ètò náà ní ọdún 1941. John Lee Williamson, tí a tún mọ̀ sí Sonny Boy, ni ó wá sọ ohun èlò náà di ti ẹni tí ó ṣáájú ẹgbẹ́ akọrin, kí wọ́n tó pa á ní Chicago ní ọdún 1948. Little Walter ni ó fi dùùrù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn sínú àtẹ́lẹwọ́ kan náà. Orin rẹ̀, Juke, dé ipò kìn-ín-ní lórí àtẹ orin àwọn aláwọ̀ dúdú ní ọdún 1952.

Gerhard Kubik, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1999 lórí Áfíríkà àti blúùsì, tọ́ka sí ilẹ̀ sàfánà ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, níbi tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti pẹ́, gẹ́gẹ́ bí ibi pàtàkì tí àṣà ìkọrin blúùsì ti ṣẹ̀ wá: kí akọrin máa fa sílébù kan gùn, kí ó máa lọ́ ọ, kí ó máa gbọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ wéré tàbí àpàlà kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú ìkọrin bẹ́ẹ̀.

Wéré létí ọ̀sà

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù rinlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ láti ìgbà tí àwọn Òyìnbó fi àgbá lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851. Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ṣe ibùgbé títí ó fi padà sí Èkó ní ọdún 1862, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà ni ó sì jẹ́ Mùsùlùmí. Àwọn tí ó kù sẹ́yìn ni Èkó-Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Ọdún Káyòkáyò ni wọ́n fi ń rántí ìdé wọn. Ìkòròdú ní tirẹ̀ jẹ́ èbúté àti ọjà láàárín Èkó àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ohun tí ó bá dé Èkó nínú ọkọ̀ òkun kì í pẹ́ dé èbúté méjèèjì nínú ọkọ̀ ọ̀sà. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ni ìlú méjèèjì wà lábẹ́ rẹ̀ títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, síbẹ̀ etí wọn kò kúrò ní Èkó.

Nínú irú àwọn ìlú báyìí ni ajísààrì ti gbilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a máa kiri àdúgbò ní òru oṣù Rámádàánì láti jí àwọn aláàwẹ̀ dìde fún oúnjẹ sààrì. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1950, ó ti di eré ìdíje láàárín ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Síkírù Àyìndé Barrister, tí a bí ní ọdún 1948, kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ìlù sákárà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lù, ṣùgbọ́n wọn kò mú gòjé mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí Abíbù Olúwa tàbí Yusuf Ọlátúnjí ti ṣe. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ọdún gbọọrọ ni ènìyàn fi ń kọ́ gòjé lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ajísààrì sì jẹ́ iṣẹ́ ọmọdé tí kò ní ju oṣù kan lọ lọ́dún, tí owó inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Àyè tí gòjé fi sílẹ̀ ni dùùrù ẹnu bọ́ sí. Kì í kọ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ìlù bá dánu dúró díẹ̀, afọndùùrù yóò fọn ín láti fi ohùn tí orin yóò ti gbéra han akọrin, kí àwọn elégbè má baà kó ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bọ̀ ọ́. Iṣẹ́ yìí kan náà ni àwọn olùdarí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń fi dùùrù ṣe. Ètò d, m, s tí ó há mọ́ àwọn oníblúùsì lọ́wọ́ ni ó wúlò fún àwọn oníwéré, nítorí pé ohun tí wọ́n ń wá ni ohùn tí kò ní yẹ̀.

Níbi yìí ni ìyàtọ̀ ńlá wà, kò sì kan ọ̀rọ̀ àjèjì. Òfin tí South Carolina ṣe ní ọdún 1740, lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Stono, fi òfin de ìlù láàárín àwọn ẹrú, nítorí pé àwọn ọ̀gá mọ̀ pé ìlù lè ránṣẹ́. A ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní àwọn ibòmíràn pẹ̀lú. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún méjì lẹ́yìn náà, ẹni tí ó ń kọ blúùsì kò ní ìlù tí ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di dandan kí ohun mìíràn bá a sọ̀rọ̀, kí ó dá a lóhùn, kí ó bá a sunkún, dùùrù ẹnu sì wà nínú àpò rẹ̀. Ìyá ìlù kò kúrò ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Bí Lígàlì Mùkáíbà ti Ẹ̀pẹ́ bá ń kọ àpàlà, ìlù tí ń fọhùn ni ó ń bá a ké oríkì, agídìgbo sì ń ti ìsàlẹ̀ gbé e ró. Kí ni ẹnikẹ́ni yóò tún fẹ́ kí dùùrù oníhò mẹ́wàá sọ níbẹ̀? Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìlù lè tẹ̀lé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ èdè Yorùbá bí onílù bá ti fẹ́, ṣùgbọ́n inú ihò bíi mélòó kan péré ni ahọ́n idẹ ti lè tẹrí ba.

Nígbà tí Barrister sọ wéré di fújì, tí ó sì ń fi ìlù kún ìlù, àyè dùùrù ẹnu ń dín kù. Ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, àwọn ẹgbẹ́ fújì, ti Wàsíù Àyìndé ṣáájú, bẹ̀rẹ̀ sí í lo dùùrù oníná àti fèrè saxophone. Nínú mọ́sáláṣí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti gba iṣẹ́ ajísààrì. Fóònù sì ń jí àwọn yòókù. Ajísààrì tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá ní ọdún 1960 ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́rin báyìí. Ìwé kíkà nípa fújì kò sábà dárúkọ afọndùùrù kankan, nítorí pé akọrin àti onílù ni orúkọ wọn ń wọ ẹ̀yìn àwo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe ń dún ní òru sààrì, ẹnu àwọn bàbá wọ̀nyí ni ó ti lè gbọ́ ọ, kí sol-fa tí ó kọ́ ní kíláàsì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá ń bi wọ́n ní ìbéèrè.