Ojóro Inú Géèmù: Ẹ̀mí 30 àti Ẹjọ́ Kan

Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ojóro ò ní orúkọ méjì. Bí ẹnìkan bá dọ́gbọ́n yọ́ ọmọ ayò kan sínú ilé tirẹ̀, àwọn tó ń wòran á pariwo lé e lórí, nítorí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ ló rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n nínú géèmù orí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn tó ń ṣe géèmù gan-an ló máa ń fi ojóro sínú rẹ̀, wọ́n sì ní ìdí.

Ẹni tó bá ṣe géèmù gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò tán kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà. Bó bá ń kú ní ìpele kejì ṣáá, ìgbà wo ló máa rí àléébù tó wà ní ìpele keje? Ohun tó bá Kazuhisa Hashimoto, òṣìṣẹ́ Konami ní Japan, nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé Gradius, tí àwọn èèyàn ti ń fi owó ẹyọ gbá níta láti 1985, wá sórí ẹ̀rọ Nintendo tí wọ́n ń lò nílé. Géèmù náà le jù fún òun fúnra rẹ̀. Ló bá fi àṣírí kan síbẹ̀: ẹ tẹ òkè lẹ́ẹ̀mejì, ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, kí ẹ wá tẹ B àti A. Ohun ìjà á dé rẹpẹtẹ. Nígbà tí géèmù náà jáde ní 1986, àṣírí yẹn ṣì wà nínú rẹ̀.

Ní 1988, Contra dé. Ọ̀pọ̀ wa tó dàgbà ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1990 mọ̀ ọ́n dáadáa: ẹ̀mí mẹ́ta péré ni wọ́n ń fúnni, ọta ìbọn kan sì ti tó láti gba ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ àṣírí Hashimoto, ẹ̀mí 30 ni. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa nígbà náà. Ẹnu ọmọdé ló ń gbé e láti àdúgbò dé àdúgbò. Hashimoto kú ní oṣù kejì 2020, lẹ́ni ọdún 61.

Gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, bí mo ṣe ń wò ó nìyí: ọ̀pá tí a fún ẹni tó dá lẹ́sẹ̀ kì í ṣe ojóro. Ó ń gbé e dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ò lè gbé e dé. Ọmọ tó fi ẹ̀mí 30 rí òpin Contra ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni.

Nintendo ò gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí Game Genie jáde. Codemasters, ilé iṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba, ló ṣe é. Galoob ló fẹ́ tà á ní Amẹ́ríkà. Àárín kásẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ ni wọ́n ń kì í bọ̀. Bí ẹ̀rọ bá bi kásẹ́ẹ̀tì pé ẹ̀mí mélòó ni, tí kásẹ́ẹ̀tì fẹ́ sọ pé mẹ́ta, Game Genie á já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, á ní mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá yọ ọ́, gbogbo nǹkan á padà sí bó ṣe wà.

Ní 1990, Nintendo gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láti dá títà rẹ̀ dúró ní Amẹ́ríkà. Ní Kánádà, ilé ẹjọ́ kọ̀ fún wọn. Ní 1991, adájọ́ Fern Smith ní California dá Galoob láre: ẹni tó ti sanwó géèmù lè gbá a bó ṣe wù ú nínú ilé rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i ní 1992. Mílíọ̀nù 15 dọ́là ni Nintendo san fún Galoob nítorí ọjà tí wọn ò rí tà.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló yí ọ̀rọ̀ padà. Nísinsìnyí, ẹnìkan ti jókòó sí òdìkejì ọpọ́n. Ètò tó ń bá èèyàn fojú sun ìbọn ń fi ìyà jẹ ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá a. Láti 2002 ni Valve ti ní ètò tó ń mú irú wọn. Ní 2016, àwọn aṣòfin South Korea sọ ṣíṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ àti títà rẹ̀ di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ojóro aláìlẹ́ṣẹ̀ yẹn ti di ọjà. Nínú Candy Crush Saga, tó jáde ní 2012, ẹ̀mí márùn-ún ni wọ́n ń fúnni. Bí wọ́n bá tán, ẹ dúró ní 30 ìṣẹ́jú kí ọ̀kan tó padà, àbí kí ẹ sanwó. Ẹ̀mí tí à ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Contra ni wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ wa yìí o.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tó wà lẹ́yìn odi, bí ọmọ bá ní òun ń lo cheat, ẹ má tètè na pàṣán. Ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: ta lò ń bá gbá a, àti pé káàdì ta ló ń sanwó rẹ̀?