Ṣájà USB: Bí A Ṣe Ń Mọ Èyí Tí Ó Bá Fóònù Mu

Ìbéèrè kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará ìlú: ẹnu okùn ṣájà wọ fóònù dáadáa, fóònù sì fi hàn pé òun ń gba iná, kí ló wá dé tí kò tètè kún? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré níbi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró pẹ́. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh, tí ó ti kú pátápátá, máa ń gbà ju wákàtí mẹ́rin lọ kí ó tó kún lórí ṣájà 5 W. Lórí ṣájà 18 W tí ó bá a mu, nǹkan bí wákàtí méjì ni. Bí iná bá wá lọ lẹ́yìn wákàtí méjì, ti àkọ́kọ́ kò tíì kọjá ìdajì.

Ibi tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ wò ni ìkọ̀wé wínníwínní tí ó wà lára ṣájà. Ìlà tí a kọ INPUT sí ń sọ irú iná tí ṣájà lè gbà láti ara ògiri. Bí a bá rí 100–240 V níbẹ̀, yóò ṣiṣẹ́ lórí iná 230 V ti Nàìjíríà àti lórí 120 V ti Amẹ́ríkà. Bí ó bá jẹ́ 120 V nìkan, ẹ má ṣe fi sínú iná wa, ìbáà jẹ́ pé ọmọ yín ni ó fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ìlà OUTPUT ni ó ń sọ ohun tí ṣájà lè fún fóònù. Bí a bá sọ V di púpọ̀ pẹ̀lú A, W tí í ṣe agbára ni a óò rí: 5 V àti 2 A jẹ́ 10 W, 9 V àti 2 A jẹ́ 18 W.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni fífi ìrísí ẹnu okùn díwọ̀n agbára. USB-C, ẹnu róbótó tí a lè kì bọ̀ ọ́ níhà méjèèjì, jẹ́ ìrísí lásán. Ihò USB àtijọ́ lára kọ̀ǹpútà lè má fúnni ju 5 V àti 0.5 A lọ, ìyẹn 2.5 W, USB-C lè gbé 15 W lórí 5 V kan náà. Kí agbára tó kọjá èyí, ṣájà àti fóònù sábà máa ń ṣe àdéhùn. Nínú ìlànà tí a ń pè ní USB Power Delivery, ṣájà á kọ́kọ́ fúnni ní 5 V, á sì kéde ohun tí ó ní: 9 V, 15 V tàbí 20 V. Fóònù á béèrè fún èyí tí ara rẹ̀ lè gbà. Bí kò bá gbọ́ èdè náà, 5 V ni yóò máa gbà lọ. 100 W ni ìlànà yìí mọ tẹ́lẹ̀. Ọdún 2021 ni wọ́n gbé e dé 240 W.

Ìdí nìyí tí a kò fi gbà pé ṣájà ńlá ń ba fóònù jẹ́. Ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká 65 W tí ó tẹ̀ lé ìlànà yìí kò ní ti iná sínú fóònù tipátipá. Fóònù ni ó ń bu ìwọ̀n tí ó fẹ́, bí ẹni tí ó gbé korobá kékeré lọ sídìí tàǹkì omi ńlá.

Ìṣòro tí ó kù ni pé èdè àdéhùn kì í ṣe ọ̀kan. Qualcomm ní Quick Charge, Oppo ní SuperVOOC, fóònù Samsung tí ń gba 25 W sì ń fẹ́ Power Delivery tí ó ní PPS, ẹ̀yà tí ń jẹ́ kí V máa yí díẹ̀díẹ̀. Ṣájà tí a kọ 80 W sí lára lè padà sí ìwọ̀n kékeré lórí fóònù ilé-iṣẹ́ mìíràn. Kò bàjẹ́ o. Èdè wọn ni kò yé ara wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ṣájà kan ṣoṣo fún gbogbo ilé, Power Delivery tí ó ní PPS ni a dámọ̀ràn.

Okùn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Okùn USB-C sí USB-C tí ó wọ́pọ̀ ń gbé 3 A, kò sì kọjá 60 W. Èyí tí ń gbé 5 A gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú orí rẹ̀ tí ń sọ fún ṣájà pé òun tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó dá ṣájà lẹ́bi, ẹ pààrọ̀ okùn wò.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin ti sọ USB-C di dandan fún fóònù tuntun láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ó sì pàṣẹ pé èyí tí ń gba iná kíákíá gbọ́dọ̀ gbọ́ Power Delivery. Apple ti gbé USB-C sára iPhone 15 ní 2023. Òfin náà kò de ọjà wa, ṣùgbọ́n àwọn fóònù tí ó tẹ̀ lé e ń dé ọ̀dọ̀ wa.

Ayédèrú ni ewu gidi. Nínú ṣájà, àlàfo díẹ̀ ni ó ya 230 V ti ògiri kúrò lára 5 V tí ń bọ̀ lọ́wọ́ wa, ibẹ̀ gan-an ni aláyédèrú ti ń ṣọ́ owó ná. Àjọ SON ní ètò SONCAP fún ọjà tí ń ti òkè òkun wọlé, àti MANCAP fún èyí tí a ṣe nílé. Ẹ bi oníṣòwò léèrè, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ṣájà tí ó gbóná débi pé ọwọ́ kò lè dúró lára rẹ̀, tí ó ń rùn bí ọ̀rá tí ń jó, tàbí tí iná ń gbé yín lọ́wọ́ bí ẹ bá di fóònù mú, ẹ pa iná ògiri, kí ẹ sì yọ ọ́. Ẹ má ṣe fi fóònù tí ń gba iná sábẹ́ ìrọ̀rí. Bátìrì tí ó bá ti wú, ẹ má ṣe gún un, ẹ má sì ṣe tún fi síná mọ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún fóònù ṣe.