Taslim Elias: Ọmọ Èkó tí Ó Darí Ìpàdé Òfin Àgbáyé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a máa ń gbọ́ tí àwọn kan nínú yín ń wí pé, "Mo ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, kí ni mo tún ń wá?" Ìtàn ni a ó fi dá wọn lóhùn.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ogun Prometheus wà lójú ọ̀sà nígbà náà. Ìhàlẹ̀ ni wọ́n fi gba ìlú, wọ́n sì pè é ní àdéhùn.

Ní Èkó yìí kan náà ni a bí Taslim Ọláwálé Elias ní ọdún 1914. Ó ṣiṣẹ́ rélùwéè kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó gba oyè LL.B. ní 1946, ó gba LL.M. ní 1947, ó sì di lọ́yà ní ọdún náà. Ìyẹn ìbá tó láti jẹun. Ṣùgbọ́n ó tún tẹra mọ́ ẹ̀kọ́ títí ó fi gba Ph.D. ní 1949.

Kí ni ó fi ìmọ̀ náà ṣe? Ní 1951, ó gbé ìwé jáde lórí òfin àti àṣà ilẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí tí àwọn bàbá wa ń fẹnu sọ wá di ohun tí adájọ́ lè ṣí ìwé wò.

Ní 1968 àti 1969, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Vienna láti kọ òfin tí yóò máa darí àdéhùn láàrin wọn. Elias ni alága ìgbìmọ̀ tí gbogbo wọn jókòó sí. Àwọn kan fẹ́ kí ẹjọ́ lórí àdéhùn dé ilé ẹjọ́ dandan, àwọn mìíràn kọ̀. Ìpàdé fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká. Elias àti àwọn aṣojú Áfíríkà àti Éṣíà ni wọ́n wá ọ̀nà àárín. Orílẹ̀-èdè 79 gbà, ẹyọ kan kọ̀, 19 kò dìbò. Abala 52 òfin náà sọ pé àdéhùn tí a fi ipá tàbí ìhàlẹ̀ ogun gbà, asán ni. Kò lè padà sẹ́yìn tú ìwé Dòsùnmú, nítorí kò kan àdéhùn tí ó ti ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn mọ́ irú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Elias di adájọ́ ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Hague ní 1976, ó sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ láti 1982 sí 1985, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò náà. Nígbà tí ó kú ní 1991, Ọmọọba Bọ́lá Ajíbọ́lá ni ó bọ́ sí àga rẹ̀, ẹni tí ó padà dá Yunifásítì Crescent sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 2005.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Níbi tí a bá ti ń kọ òfin ayé, bí a kò bá ní ọmọ tí ó kàwé débẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò kọ tiwa fún wa. Ẹ̀yin òbí, ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe dúró lágbede méjì. Kí Ọlọ́run fi ìmọ̀ tí ó ṣe aráyé lóore jíǹkí wa. Àmín.